Bí Ẹ Ṣe Lè Gbin Oríṣìíríṣìí Lẹ́tùùsì Nílé, Kódà Nígbà Ooru

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo fọ́n irúgbìn lẹ́tùùsì láàárín oṣù kan ṣoṣo, tí ẹyọ kan ò hù. Mo ti gbà pé irúgbìn náà ti kú, ó sì ku díẹ̀ kí n da ìyókù nù. Àmọ́ mo tún fọ́n lára ohun tó wà nínú páálí yẹn kan náà, mo sì gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, níbi tí oòrùn kì í dé. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo rí àwọn ewé méjì-méjì tí kò tó orí ìṣáná, tí wọ́n ń ti iyẹ̀pẹ̀ sókè. Irúgbìn náà ò kú rárá. Ooru ló mú un sùn.

Ohun tí mo rí lọ́jọ́ yẹn ni mo ṣì fi ń gbin lẹ́tùùsì títí dòní. Ewébẹ̀ tó fẹ́ràn ìtutù ni. Ibi tí ooru rẹ̀ wà láàárín 15°C sí 20°C ló tẹ́ ẹ lọ́rùn jù. Tí ooru bá ti kọjá 25°C fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í múra àtita òdòdó, ewé rẹ̀ á sì máa korò. Torí náà, látorí irú tí ẹ máa yàn títí dórí ọjọ́ tí ẹ máa gé e, ọ̀rọ̀ ooru àti omi lẹ óò máa bá pàdé nísàlẹ̀ yìí. Ẹni tí àyíká rẹ̀ bá tutù, iṣẹ́ rẹ̀ ti fúyẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá móoru ṣì lè gbìn ín kó sì jẹ ẹ́, kó ṣáà mọ irú tó máa mú àti ibi tó máa gbé e sí.

Ẹ yan irú tó bá ibi tí ẹ wà mu

Èyí tí ewé rẹ̀ tú sílẹ̀ ni kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ gbìn. Looseleaf ni wọ́n máa ń kọ sára páálí rẹ̀. Kì í ká jọ di orí, ṣe ni ewé rẹ̀ máa ń là láti ìdí bí òdòdó. Salad Bowl wà lára wọn, Lollo Rossa tó pupa tí etí ewé rẹ̀ ṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Oakleaf tí ewé rẹ̀ ní igun-igun. Ó máa ń tó jẹ láàárín ọjọ́ 45 sí 55 lẹ́yìn tí ẹ bá fọ́n ọn. Tó bá sì jẹ́ ewé kéékèèké lẹ fẹ́, ọjọ́ 25 sí 30 ti tó. Kì í pẹ́, kì í ṣe agídí, ẹ sì lè gé e kó tún hù. Bí ẹnì kan bá ní irú kan ṣoṣo lòun fẹ́ gbìn, òun ni mo máa ní kó mú.

Butterhead ló tẹ̀ lé e. Òun máa ń ká jọ di orí kékeré tí kò le, ewé inú rẹ̀ á funfun díẹ̀, á dán, á sì rọ̀ lẹ́nu. Ọjọ́ 55 sí 70 ló ń lò. Nínú wọn, Buttercrunch máa ń fara da ooru ju ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ rọra fọwọ́ mú butterhead nígbà tí ẹ bá ń gbé e, torí ewé rẹ̀ tètè máa ń bó.

Romaine, tí àwọn kan ń pè ní cos, máa ń dúró ṣánṣán. Ewé rẹ̀ gùn, egungun àárín ewé rẹ̀ nípọn, ó sì máa ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ téèyàn bá ń jẹ ẹ́. Ọjọ́ 65 sí 75 ló fẹ́. Bí àyè ò bá gbà yín, ẹ wá Little Gem, romaine kúkúrú tó tẹ́ ìkòkò lọ́rùn. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé romaine pupa kan tó ń jẹ́ Outredgeous làwọn tó wà ní International Space Station gbìn, tí wọ́n sì jẹ lójú sánmà níbẹ̀ lóṣù August ọdún 2015. Bí wọ́n bá lè gbìn ín níbi tí kò ti sí ilẹ̀ tàbí òjò, a jẹ́ pé ojú fèrèsé tiyín náà gbà á.

Batavia wà láàárín eléwé títú àti olórí líle. Tó bá ṣì kéré, ewé rẹ̀ máa ń tú. Tó bá dàgbà, á ká jọ. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ó máa ń ní sùúrù fún ooru. Nevada àti Sierra ni kí ẹ bi àwọn tó ń ta irúgbìn léèrè bí ibi tí ẹ wà bá máa ń gbóná.

Iceberg ni èyí tí orí rẹ̀ le bíi ti kábéèjì. Ó lè gba ọjọ́ 75 sí 90, ó fẹ́ àyè tó pọ̀, ó sì fẹ́ kí ìtutù máa bá a lọ láìdáwọ́ dúró títí orí rẹ̀ á fi dì. Bí ooru bá ká a mọ́ àárín ọ̀nà, kò ní lórí rárá. Ẹ má ṣe fi òun bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ọwọ́ yín bá ti mọ́ àwọn yòókù.

Irú kan tún wà tó ń jẹ́ celtuce, tó jẹ́ pé igi rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ju ewé lọ. Wọ́n máa ń bó èèpo rẹ̀ kúrò, wọ́n á sì jẹ inú rẹ̀ ní tútù tàbí kí wọ́n sè é.

Tẹ́ ẹ bá ti ń gbé páálí irúgbìn, ẹ mú irú méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé kan ò jọ ilé kan. Èyí tó ṣe dáadáa lọ́dọ̀ mi lè má ṣe dáadáa lọ́dọ̀ yín, ìgbìn ẹ̀ẹ̀kan péré á sì ti fi ọ̀rẹ́ yín hàn yín.

Ẹ ṣètò ìkòkò àti ilẹ̀

Gbòǹgbò lẹ́tùùsì kì í wọlẹ̀ jìnnà, nítorí náà ohun ìgbìn tó fẹ̀ sàn ju èyí tó jìn lọ. Tí jíjìn rẹ̀ bá ti tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, ó ti tó. Ìkòkò, báàfù tó ti là, àpótí onípákó, bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gé sí méjì, gbogbo wọn ló ṣeé lò bí ihò bá ti wà nídìí wọn tí omi máa gbà jáde. Èyí tó bá dúdú máa ń gba ooru sára, èyí tó bá funfun sì máa ń tutù díẹ̀. Níbi tó bá móoru, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré.

Ilẹ̀ tó rọ̀, tó ń di omi mú, tí kò sì ń rin gbindin ló fẹ́. Ẹ po ilẹ̀dú pọ̀ mọ́ ajílẹ̀ tó ti jẹrà pátápátá. Ẹ wá rin ín díẹ̀, ẹ bu ẹ̀kún ọwọ́ kan, ẹ fún un pọ̀, kí ẹ sì fi ìka tì í. Bó bá fọ́ ká wẹ́rẹ́, ó dáa. Bó bá dì gbagidi bí amọ̀, ẹ fi ajílẹ̀ jíjẹrà kún un sí i. Bó bá ń dà gba àárín ìka yín lọ kẹ́ ẹ tó fún un tán, iyanrìn inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, ajílẹ̀ yẹn náà ló máa wò ó sàn. Àwọn tó ní ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀, kí pH rẹ̀, ìyẹn òǹkà tó ń fi bí ilẹ̀ ṣe kan tó hàn, wà láàárín 6 sí 7.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi ìgbẹ́ ẹran tútù sí i. Tútù la máa ń jẹ lẹ́tùùsì, iná kì í kàn án, kòkòrò àrùn tó bá wà nínú ìgbẹ́ tútù lè gbara ewé dénú ẹni tó jẹ ẹ́.

Ní ti ibi tí ẹ máa gbé e sí, bí ìtutù bá wà, oòrùn wákàtí mẹ́fà dára fún un. Bó bá móoru, oòrùn àárọ̀ nìkan ni kí ó rí, kó wà ní ìbòòji tó bá di ọ̀sán. Ẹni tó ń gbìn ín nínú yàrá lè tan iná LED sórí rẹ̀ fún wákàtí 12 sí 16 lójúmọ́. Bí ẹ bá rí i tó ń ga tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìmọ́lẹ̀ ni kò tó o.

Ẹ fọ́n irúgbìn sókè-sókè, ẹ má rì í

Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Irúgbìn lẹ́tùùsì wẹ́wẹ́ gan-an, 800 sí 1,000 ẹyọ ló lè wà nínú gíráàmù kan. Okun tó wà nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan ò tó èyí tó lè fi la ilẹ̀ tó jìn. Yàtọ̀ síyẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbọ́dọ̀ rí ìmọ́lẹ̀ kí wọ́n tó hù. Lọ́dún 1952, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Beltsville ní Amẹ́ríkà fi irúgbìn lẹ́tùùsì Grand Rapids ṣe ìwádìí kan. Wọ́n rí i pé ìmọ́lẹ̀ pupa máa ń jí irúgbìn náà, àmọ́ irú ìmọ́lẹ̀ pupa kan tí ojú wa ò fi bẹ́ẹ̀ rí máa ń dá a padà sójú oorun. Bí wọ́n bá sì ń tan méjèèjì lé ara wọn, èyí tí wọ́n tàn kẹ́yìn ni irúgbìn náà máa ń tẹ̀ lé. Ìwádìí tó la ọ̀nà fún ohun púpọ̀ nípa bí ewéko ṣe ń mọ ìmọ́lẹ̀ nìyẹn, lẹ́tùùsì la sì fi mọ̀ ọ́n.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ kọ́kọ́ bomi rin ilẹ̀ náà dáadáa, kí ẹ jẹ́ kí omi ro dànù. Ẹ wá po ìṣẹ́wọ́ irúgbìn kan mọ́ ṣíbí iyanrìn gbígbẹ méjì, kó má bàa ṣù síbì kan. Ẹ fọ́n ọn káàkiri ojú ilẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ rọra tẹ̀ ẹ́ kó lè fara kan ilẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wọ́n iyẹ̀pẹ̀ tín-ín-rín lé e. Mìlímítà 3 ti tó, kó má ṣe ju 6 lọ. Ẹ fi ohun tó ń fín omi wẹ́wẹ́ rin ín, torí bí ẹ bá da omi lé e, ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ni gbogbo irúgbìn máa kó ara jọ sí.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa fọ́n ọn bí ojú ọjọ́ bá gbóná. Wákàtí àkọ́kọ́ tí irúgbìn bá fa omi mu ni ooru máa ń ṣe é ní jàǹbá jù, ó sì sàn kí àwọn wákàtí náà bọ́ sí òru. Láti 27°C sókè ni ọ̀pọ̀ irú máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Bí ibi tí ẹ wà kì í tutù tó bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ́ irúgbìn sáàárín tíṣù tó rin, ẹ fi í sínú ọ̀rá, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún. Tẹ́ ẹ bá gbé e jáde, ẹ fi í síbi tó tutù jù nínú ilé. Gbàrà tí ẹnu gbòǹgbò funfun bá ti yọ, ẹ fi igi pẹlẹbẹ gbé wọn lọ sórí ilẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí gbòǹgbò náà má bàa ṣẹ́.

Bí ooru bá ṣe déédéé, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́wàá ni wọ́n máa fi hù. Láàárín ìgbà yẹn, ojú ilẹ̀ ò gbọ́dọ̀ gbẹ rárá.

Ẹ fún wọn láyè

Ó máa ń dun èèyàn láti fa ohun tó hù tu, mo mọ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá há mọ́ra, kò sí èyí tó máa tóbi, afẹ́fẹ́ ò ní gba àárín wọn, ìdí wọn á sì máa jẹrà. Nígbà tí kálukú bá ti ní ewé mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé àwọn tí kò lágbára nídìí, kí gbòǹgbò àwọn tó kù má bàa mì. Èyí tí ẹ gé yẹn kì í ṣe pàǹtí, ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ jẹ ẹ́.

Sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 láàárín ara wọn ló tó eléwé títú. Butterhead fẹ́ 20 sí 25, romaine àti Batavia fẹ́ nǹkan bíi 25, iceberg sì fẹ́ 30. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ewé kéékèèké lẹ fẹ́ máa gé, ẹ jẹ́ kí wọ́n súnmọ́ra.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣí wọn lọ sínú ìkòkò mìíràn, ìrọ̀lẹ́ náà ló dáa. Ewé ni kí ẹ fi mú wọn, kì í ṣe igi, torí bí igi rẹ̀ bá tẹ̀, ó tán nìyẹn. Kí ọkàn rẹ̀, ìyẹn àárín gbùngbùn ibi tí ewé tuntun ti ń yọ, wà lókè ilẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ tó bá bo ibẹ̀ máa ń jẹ́ kó jẹrà.

Omi tí kì í já

Ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ títí dé oríkèé àkọ́kọ́ láràárọ̀. Bó bá gbẹ níbẹ̀, ẹ bomi rin ín. Bó bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Nínú ìkòkò, nígbà ooru, ó lè gba ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ìdí ni kí ẹ bu omi sí, kẹ́ ẹ sì ṣe é láàárọ̀, kí ewé tó bá ta sí lè gbẹ kílẹ̀ tó ṣú.

Ẹni tó bá jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ fún ọjọ́ méjì, tó wá rọ omi sí i lọ́jọ́ kẹta, lẹ́tùùsì rẹ̀ á fi hàn án. Etí àwọn ewé inú á di búráùn bí ẹni pé iná rà á. Kì í ṣe àrùn tó ń ràn. Calcium, ọ̀kan lára èròjà tí ewéko ń lò, ni kò dé ibẹ̀. Inú omi ni calcium ti ń rìn, omi sì máa ń yára lọ síbi tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ ti ń fà á, ìyẹn àwọn ewé ìta. Àwọn ewé inú tó ká jọ kì í rí tó. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ṣe àwọn tó ń ká jọ di orí jù. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ lọ ra calcium, kí omi ṣáà máa lọ déédéé.

Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ojú ilẹ̀, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3, kó má kan igi rẹ̀. Ó ń jẹ́ kí omi pẹ́ nínú ilẹ̀, ilẹ̀ náà á sì tutù. Bí oòrùn bá ń mú ganrínganrín, ẹ na àwọ̀n tàbí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e lórí láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ajílẹ̀ tí ẹ pò mọ́ ilẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ sábà máa ń tó eléwé títú. Àwọn tó ń pẹ́ lè gba ajílẹ̀ olómi tí ẹ fi omi là dáadáa lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Ẹ má ṣe pọ̀ ọ́n jù. Nitrogen, èròjà inú ajílẹ̀ tó ń mú kí ewé pọ̀, tó bá pọ̀ jù máa ń sọ ewé di rọ̀jọ̀rọ̀jọ̀, kòkòrò tó ń fa oje mu á sì wá bá a.

Àwọn tó máa ń bá yín jẹ ẹ́

Ìgbín àti èyí tí kò ní ìkarawun ló burú jù. Òru ni wọ́n ń jáde. Ẹ tẹ́ pákó tó rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò nírọ̀lẹ́, ẹ yí i padà láàárọ̀, ẹ óò bá wọn lábẹ́ rẹ̀. Àwọn kòkòrò wínníwínní tó ń ṣù mọ́ abẹ́ ewé, omi tí ẹ tú lù wọ́n gan-an láàárọ̀ á já wọn bọ́. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tó ṣubú lulẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fọ̀bẹ gé e nídìí lóru, ẹ fi ìka tú ilẹ̀ ìdí rẹ̀, kòkòrò tó ká bí òrùka tó ṣe iṣẹ́ náà ò ní jìnnà. Mi ò kì í fín oògùn sórí lẹ́tùùsì. Àsìkò tó ń lò kúrú, tútù la sì máa jẹ ẹ́.

Bí ẹ ṣe máa gé e

Àárọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú, ni omi máa ń kún inú ewé jù, ìgbà yẹn ló sì máa ń dún lẹ́nu jù. Lára eléwé títú, ẹ lè máa já ewé ìta mẹ́ta-mẹ́rin nígbà kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ fi ọkàn rẹ̀ sílẹ̀. Tàbí kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 sílẹ̀. Ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ojú ibi tí ẹ gé yẹn. Oje funfun bíi wàrà á kọ́kọ́ sun jáde, á sì gbẹ di búráùn. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ óò rí ewé tuntun láàárín, tí kò ju èékánná ọmọ ìka lọ, tó ká bí ẹni di ẹ̀ṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ló máa fi tún tó gé. Ó lè hù bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ewé rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kéré.

Romaine náà gba irú gígé yìí. Butterhead àti iceberg, ẹ dúró kí orí wọn dì. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ rọra tẹ orí iceberg: bó bá ti le, ẹ gé e lọ́jọ́ yẹn, ẹ má ní ẹ ń retí kó tóbi sí i.

Bí àárín èyíkéyìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í ga sókè bí ilé tó ń ní òkè kejì, ó ti fẹ́ ta òdòdó nìyẹn. Ẹ já ewé kan kẹ́ ẹ tọ́ ọ wò. Bó bá ṣì dùn, ẹ kórè gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ti korò.

Ẹ fọ̀ ọ́ nínú omi tútù, ẹ gbọn omi rẹ̀ dànù dáadáa, ẹ fi aṣọ mímọ́ wé e, kẹ́ ẹ tó gbé e sínú fíríìjì. Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ápù tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń pọ́n, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára wọn máa ń mú kí ewé rẹ̀ ní àmì búráùn.

Ẹ má ṣe fọ́n gbogbo páálí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa fọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí ọ̀kan máa tó jẹ bí èkejì ṣe ń tán. Irúgbìn tó kù, ẹ dè é mọ́ inú ohun tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, kẹ́ ẹ gbé e síbi tó gbẹ tó sì tutù. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta.

Bó bá wù yín láti ní irúgbìn tara yín, ẹ fi ẹyọ kan tàbí méjì tó dáa jù sílẹ̀, pàápàá èyí tó pẹ́ kó tó ta òdòdó nínú gbogbo wọn. Á ga tó mítà kan, á yọ òdòdó kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè, ó sì máa ń gba ara rẹ̀ lóyún, nítorí náà ẹyọ kan ti tó. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí òdòdó bá là, orí rẹ̀ á ṣí, ẹ óò sì rí òwú funfun lẹ́nu irúgbìn kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn kì í gbó lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọjọ́ méjì-méjì, ẹ tẹ orí rẹ̀ bọ inú àpò bébà, kẹ́ ẹ gbọ̀n ọ́n. Èyí tó ti gbó á já bọ́, èyí tí kò tíì gbó á dúró. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ọdún sára àpò náà.